Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, àádọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, iná tí kì í dúró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Òkè-Ògùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Baolójì ni mò ń kọ́ nílé-ìwé girama ìjọba kan lágbègbè Òkèhò. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́fà ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Àlòkù ni gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́. Pírínsípà wa ní kí n máa bójú tó wọn, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi gbà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Àwọn ọmọ SS3 wa tó àádọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí títí di ọjọ́ tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Òru niná sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, á sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ kíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn á jáde lọ sídìí igi máńgòrò lẹ́yìn ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀, láti 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá, WAEC náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe bọ́ sórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó mọ Baolójì débi pé òun ló ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹkún ló sun jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ní ìbéèrè ò le, ẹ̀rọ yẹn ni ò gbọ́ràn sóun lọ́wọ́: òun á tẹ ibì kan, ojú ìwé á fò lọ síbòmíì. Ó dùn mí dọ́kàn. Ọmọ tó mọ̀wé ò yẹ kó kùnà nítorí bọ́tìnnì.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa pín kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún àádọ́rùn-ún ọmọ? Kí ni mo lè gbé sórí wọn tí kò ní máa béèrè dátà lójoojúmọ́? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó bá mi dá sí i.

Ọ̀gá CBT, Abẹ́òkúta

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ibùdó CBT, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ọmọ tí ẹ sọ yẹn ò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí. Ọmọ á jókòó, á di máòsì mú pinpin, á máa wá ọfà kékeré yẹn kiri ojú ẹ̀rọ. Nígbà tó bá rí i, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta, ìdáhùn tó ti mú á yí padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Máòsì ló ń dà á láàmú, kì í ṣe ìbéèrè.

JAMB ti wá nǹkan ṣe sí i, àmọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò mọ̀. Ọmọ lè ṣe gbogbo ìdánwò láì fọwọ́ kan máòsì rárá. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sórí èyí tó ti kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sínú ìdánwò bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ṣèèṣì lọ sórí S. Ọmọ tó bá mọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dunjú, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ ò sì nílò kọ̀ǹpútà láti kọ́ wọn. Ẹ ra káádíbọ́ọ̀dù, ẹ ya kíbọ́ọ̀dù sí i bó ṣe tóbi gan-an, ẹ fi báírò pupa kun bọ́tìnnì mẹ́jọ yẹn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ẹ máa ka ìbéèrè sókè ní kíláàsì, kí gbogbo wọn fìka tẹ ìdáhùn, kí wọ́n tẹ N, kí ẹ bọ́ sórí òmíràn. Kó tó kan wọn láti jókòó sídìí ẹ̀rọ gidi, ọwọ́ wọn á ti mọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́? Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì ni wọ́n sì máa fi ṣe é. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kan ìbéèrè kan. Kì í ṣe pé kí wọ́n pín in dọ́gba o, torí àyọkà Gẹ̀ẹ́sì gùn, ìṣirò náà sì ń jẹ àkókò. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn, kí wọ́n tẹ N kọjá èyí tó bá le, kí wọ́n padà wá. Lórí bébà, kò sẹ́ni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé báwọn bá ti kọjá, ó lọ nìyẹn. Ẹ fi hàn wọ́n pé kò lọ.

Bí ẹ̀rọ bá háńgì, kí ọmọ nawọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Kó má pa á, kó má sì jókòó sídìí ẹ̀ kó máa wò ó níran. Ẹni tágbára ẹ̀ bá sì ká a, kó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbáradì tí JAMB fúnra ẹ̀ máa ń ṣe ṣáájú. Irú gbọ̀ngàn kan náà, irú ẹ̀rọ kan náà.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀gá CBT, ẹ ṣeun gan-an, mo ti fi ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n kí lẹ rí sí ti JAMB 2025? Àwọn ọmọ tó mọ bọ́tìnnì wà níbẹ̀, tó kàwé wà níbẹ̀, èsì ṣì jáde ní rádaràda.

Ọ̀gá CBT, Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Lóṣù Karùn-ún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, jáde sí gbangba, wọ́n jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà, omi sì bọ́ lójú wọn. Ibùdó 157 ló kàn, 65 ní Èkó, 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Àtúnṣe tuntun kan tó yẹ kí wọ́n gbé sórí gbogbo sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí ìdánwò, ni kò dé orí àwọn tó ń bójú tó ibùdó wọ̀nyẹn.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn òbí ló mú kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò. Bí èsì ọmọ yín bá rúni lójú, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe.

Agùnbánirọ̀ Ìwó

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwó ni mo ti ń sin ilẹ̀ bàbá wa, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí n máa kọ́, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì níbi témi náà wà.

Tíṣà, ẹ wá Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sórí èyí tó lágbára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fẹ́ sínú ẹ̀: fídíò, ìdánrawò ìṣirò, ìwé kíkà. Bó bá ti délé, ó tán nìyẹn. Ẹ ra ráútà kékeré kan tí kò ní káàdì síìmù nínú. Òun ló máa so márùn-ún yòókù mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á ṣí búráúsà bíi pé wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ inú yàrá yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ lè fi fóònù tan họ́tísípọ́ọ̀tì dípò ráútà, àmọ́ ọ̀pọ̀ fóònù ni kì í gbà ju ẹ̀rọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ojú ìwé olùkọ́. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ẹ óò rí ẹni tó ṣiṣẹ́, ẹni tí kò ṣe, àti ìbéèrè tó gbé gbogbo wọn ṣubú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ń wo iṣẹ́ àwọn JSS2 mi lórí ìdá, mo rí i pé ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń mú, tí kì í sì í ṣe òun. Bí mo bá ní 1/2 + 1/3, 2/5 ni wọ́n ń mú. Wọ́n ń ro tòkè mọ́ tòkè, wọ́n ń ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Ká ní ìwé ni mo gbà, mi ò bá máa fi pupa fa igi lé e lórí títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pa kọ̀ǹpútà tì, mo ra búrẹ́dì méjì tó dọ́gba wọ kíláàsì, mo gé wọn lójú wọn. Ọ̀rọ̀ ìdá tán lọ́jọ́ yẹn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan: púpọ̀ nínú fídíò tó wà nínú ẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Dọ́là àti máìlì ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ, ètò tí wọ́n sì tẹ̀ lé kì í ṣe ti WAEC. Ẹ fi ìwé ètò ẹ̀kọ́ WAEC sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ mú èyí tó bá a mu nìkan. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀ fáwọn ọmọ.

Kiwix náà wà, òun ló ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia láìsí dátà. Ti Yorùbá kéré, kò gbàyè. Ti Gẹ̀ẹ́sì tó ní àwòrán lé ní 90 GB, torí náà ẹ mú èyí tí kò ní àwòrán, tàbí èyí tí wọ́n ṣà fún ilé-ìwé.

Alátùn-únṣe, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ iná ni màá bá yín sọ. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, àwọn ilé-ìwé sì pọ̀ nínú oníbàárà mi.

Tíṣà, ẹ dúpẹ́ pé alágbèéká ni wọ́n fún yín. Ó ń jẹ bíi 45 sí 65 watt nígbà tí ṣájà bá wà lára ẹ̀. Èyí tó ń jókòó sórí tábìlì lè jẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn, bíná bá sì lọ, iṣẹ́ dópin. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé òru niná ń dé ọ̀dọ̀ yín, òru ni kí ẹ máa ṣájì wọn. Ẹnì kan tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé ni kó máa bójú tó o, lórí tábìlì tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kó má ṣe jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, kó má sì jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ ò ráàyè wọ̀. Ẹ fi sítébíláísà sáàárín. Iná tó bá já wọlé lójijì ló ń jó ṣájà, òun ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi jù.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ dán bátìrì wò. Ẹ ṣájì í kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ lórí ẹ̀ títí á fi kú. Ẹ kọ iye wákàtí tó lò sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tí kò bá tó wákàtí kan, bátìrì ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Èyí tó bá ti wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ yọ bátìrì yẹn kúrò kíákíá, ẹ má fi ṣeré, ó lè gbiná.

Bówó bá wà fún sólà lẹ́yìn ọ̀la, ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ní 50 watt jẹ́ 300 watt. Bí ẹ bá lò ó fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 1,200 watt-wákàtí nìyẹn. Bátìrì olómi 12 volt, 200 Ah, ní bíi 2,400 nínú, àmọ́ kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì ẹ̀ lọ bó bá fẹ́ kó pẹ́. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá wá gbé fáànù tàbí fìríìjì ọ́fíìsì sí i, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó rà á.

Àwọn àlòkù yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows 10 ló wà lórí wọn. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ díẹ̀ ni kò sì lè gba Windows 11. Ẹ má sọ wọ́n nù. Ẹ fi Linux Mint, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sórí wọn, ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, Kolibri ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fà bí ìgbín, SSD, irú díìsìkì tó yára, ni kí ẹ fi rọ́pò háádì díìsìkì àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀. Kò sí àtúnṣe mìíràn tó ń sọ ẹ̀rọ àlòkù di ọ̀tun tó ìyẹn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ bò wọ́n. Eruku Òkè-Ògùn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì, bí wọ́n bá ti fún un níṣẹ́ àṣetiléwá, fóònù bàbá ẹ̀ ló ń gbé. Á kọ ìbéèrè sínú ChatGPT, á da ohun tó bá mú jáde kọ sínú ìwé. Máàkì ń wá dáadáa. Àmọ́ bí mo bá bi í pé kí lo kọ síbí, á máa wo òkè. Mo rò pé ká kó fóònù kúrò nílẹ̀ fáwọn ọmọ pátápátá ló dáa.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀wọ̀

Màmá, ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba èmi náà. Láti ìparí 2022 tí nǹkan yẹn ti dé, ìwé tí mò ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ti ń jọra wọn bí omi. Àmọ́ mi ò gbà pé fóònù la máa kó kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń fún wọn ló yẹ ká yí padà.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mi ò fún wọn ní àròkọ tí ẹnikẹ́ni lè kọ láti ibikíbi mọ́. Tẹ́lẹ̀, "Kọ àròkọ lórí ọjà" ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ. Ní báyìí, mo ní kí wọ́n lọ sọ́jà Ọba, kí wọ́n bi ẹnì kan tó ń ta nǹkan bí iye owó ọjà ẹ̀ ṣe yí padà láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n kọ ohun tí ó sọ, kí wọ́n sì wá sọ ọ́ lẹ́nu ní kíláàsì láì wo ìwé. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ohun tí ìyá aláta yẹn sọ. Bí ọmọ bá wá fẹ́ fi AI tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà fún un, kó ṣáà fi tàkọ́kọ́ àti tìkejì hàn mí, kó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi yí padà.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Benin City ní 2024. Báǹkì Àgbáyé àti ìjọba Ẹdó kó àwọn ọmọ SS1 jọ lẹ́yìn ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fi Microsoft Copilot kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó kópa níbẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n dán wọn wò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wà nínú yàrá náà látòkèdélẹ̀, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa bi ẹ̀rọ, òun ló ń ní kí wọ́n yẹ ìdáhùn wò. Ọmọ tó dá wà pẹ̀lú fóònù bàbá ẹ̀ nílé ò rí irú ìyẹn gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, Màmá. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ ní kó ṣàlàyé fún yín bí ẹni tó ń kọ́ yín. Ẹ ò nílò láti mọ iṣẹ́ náà. Bí kò bá yé e, kò ní lè sọ ọ́.

Bàbá Tíṣà (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, inú mi ń dùn.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara ẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà.

Kí ló kàn wá níbí? Tíṣà Òkè-Ògùn, gbogbo fídíò tí wọ́n ní kí o kó wálé, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ rẹ á wò ó, wọ́n á mi orí, kò ní yé ìdajì wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan tán ní kíláàsì, fi Yorùbá ṣàlàyé ibi tó le nínú ẹ̀ sínú fọ́ìsì nóòtì, kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kò ní jẹ dátà tó 1 MB tàbí kó lé díẹ̀, òbí tí kò ní owó dátà fídíò á lè gbà á lórí WhatsApp, ẹni tí kò bá sì ní fóònù á gbọ́ ọ lára kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Sọ orúkọ nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì bí WAEC ṣe máa béèrè ẹ̀, kí o sì fi èdè wa là á yé wọn.

Ẹ ya fídíò tiyín náà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ osmosis, ìyẹn bí omi ṣe ń gba ara ohun abẹ̀mí lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀, iṣu lẹ máa lò bí gbogbo wa ti ń lò ó: ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ gbẹ́ inú ẹ̀, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ gbé e sínú abọ́ omi. Bí wákàtí ti ń lọ, omi á gorí iyọ̀ wá nínú iṣu. Kí ọmọ kan di fóònù mú, kí òmíràn máa fi Yorùbá sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí, kí ẹ̀kẹta fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ. Ìṣẹ́jú méjì tó. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á wò ó, wọ́n á dá ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n wọn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Mo ti wo yàrá kọ̀ǹpútà lóríṣiríṣi ilé-ìwé. Ọmọkùnrin ló máa ń gba kíbọ́ọ̀dù, ọmọbìnrin á dúró lẹ́yìn, á máa wò. Má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ọmọ tó sunkún lọ́dún tó kọjá yẹn, ọmọbìnrin ni.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí n fi kékeré kan kún un fáwọn tó ń tẹ ìbéèrè Yorùbá. Ẹ pa àwọn fóńtì àtijọ́ tó ń fi àmì mìíràn dúró fún ẹ, ọ àti ṣ tì. Bí fáìlì bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, ìdọ̀tí ló máa di. Ẹ lo Noto tàbí Charis SIL, àmì ohùn á dúró sórí ibi tó yẹ kó wà níbi gbogbo. Lórí fóònù, ẹ lọ sínú ètò Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí AI bá yín fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láìkà á fúnra yín. Ó máa ń fi sí i pẹ̀lú ìdánilójú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì tọ̀nà.

Ọmọ Òkèhò ní Peckham

Tíṣà, ẹ fojú sílẹ̀ fún mi. Ilé-ìwé yín jọ ibi tí mo ti jáde, bí kì í bá ṣe òun gan-an. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n níbí ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn nítorí Windows 10 tí wọ́n sọ yẹn, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ lè kó èyí tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀. Kí ni kí n mú, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Alátùn-únṣe, Ìbàdàn

Ọ̀gá mi, ẹ má mú èyí tí kò bá ní ṣájà wá, torí iye tí ṣájà máa ná wọn ní Òkèhò á dùn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ irú kan náà, kí ṣájà àti bátìrì ọ̀kan lè bá èkejì mu, kí a sì lè yọ ara ọ̀kan tó kú fi tún òmíràn ṣe. Ẹ ní kí ọ́fíìsì pa gbogbo ohun tó wà nínú háádì díìsìkì rẹ́, kí wọ́n sì yọ pásíwọ́ọ̀dù tó wà lórí BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì bá tì pa tí wọn ò sì ṣí, àwa níbí ò ní rí i lò. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ibẹ̀ bá ti wa mu, ẹ má náwó sórí àsopọ̀.

Ìyá Ìbejì

Kí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sára wọn pẹ̀lú irin gbígbóná, kí ilẹ̀kùn yàrá náà jẹ́ onírin. Olè ò mọ̀ pé ọmọ òtòṣì ló ni ín.

Tíṣà Òkè-Ògùn

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká sin ara wa, gbogbo yín lẹ ṣeun. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì ti bá Pírínsípà sọ ọ́.

Bí a ṣe máa ṣe é nìyí. Ọmọ mẹ́ta sí kọ̀ǹpútà kan, méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè: àádọ́rùn-ún pé, kálukú sì ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan á máa tẹ̀, ẹnì kan á máa ka ìbéèrè, ẹ̀kẹta á máa ṣọ́ àkókò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá pé, wọ́n á pààrọ̀. Mo ti pín wọn débi pé ọmọbìnrin ló máa kọ́kọ́ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù nínú gbogbo ìsọ̀rí. Àwọn tí kò tíì kàn, káádíbọ́ọ̀dù Ọ̀gá CBT ló wà lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa ti ya ti àkọ́kọ́, ó dáa gan-an. Màá wọ Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀ láti lọ kó Kolibri, mo ti to àwọn ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ètò WAEC bí Agùnbánirọ̀ ṣe sọ. Bàbá Tíṣà, iṣu ti wà nílẹ̀.

Ọmọ Òkèhò, mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀.

Alátùn-únṣe, ìbéèrè kan ló kù. Ṣájà méjì nínú mẹ́fà ti kú. Wọ́n fẹ́ ta 65 watt fún mi nílùú, bẹ́ẹ̀ 45 ló wà lára àwọn tó kú. Ṣé kò ní ba kọ̀ǹpútà jẹ́?

Alátùn-únṣe, Ìbàdàn

Kò ní bà á jẹ́, bí volt wọn bá dọ́gba tí ẹnu ẹ̀ sì bá a mu. Ẹ wo ara èyí tó kú, bó bá jẹ́ 19.5V ni wọ́n kọ, 19.5V ni kí ẹ rà. Watt tó pọ̀ jù kò léwu, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ló máa fà. Ẹ má ṣáà ra èyí tó kéré sí 45, á máa gbóná, kò sì ní kún. Bí ẹ bá ti ń bọ̀ n'Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀, ẹ gbé àwọn méjèèjì dání, ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n kí ẹ tó náwó. Ó lè jẹ́ wáyà ẹnu ẹ̀ ló já.